Àpótí Oúnjẹ Tomeko

Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni Shigeyo.

Òkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ́ḿpìlì ló ń gbé, ilé tèmi ló tẹ̀ lé tiẹ̀. Apẹja ni ọkọ rẹ̀, ó ti kú tipẹ́. Mo mọ obìnrin yìí láti ìgbà tó ti ń sá ewéko òkun ní èbúté. Ó mọ oúnjẹ ẹ́ sè, ó mọ èébú ú bú, kò mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ àforíjì.

Lọ́dọọdún, lọ́jọ́ tí ilẹ̀ mì tí òkun sì wọ̀lú, a máa ń péjọ sí pápá ilé ìwé. Bí aago mẹ́ta bá ku ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá, fèrè á dún, gbogbo wa á kọjú sí òkun, ẹnikẹ́ni ò ní sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà la ó tọ́jú àwọn tó wá láti ọ̀nà jíjìn nígbà náà, tí wọ́n bá wa kó ẹrẹ̀ kúrò nílé. Àwọn kan á po tíì, àwọn kan á to òdòdó, èmi á gún ìrẹsì lódó. Ọpẹ́ wa nìyẹn. A ò ní òmíràn.

Lọ́dún yìí, Shigeyo ló ń bá mi yí ìrẹsì nínú odó, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò sí níbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́wọ́ kúrò! Mo fẹ́ẹ̀ gún un pọ̀ mọ́ ìrẹsì."

"Tokuzo, ìwọ tí o ò ríran, ta ló ní kí o gbá ọmọ odó mú?"

Kò rẹ́rìn-ín. Harue ló ń wò, tó ń to òdòdó lódìkejì pápá. Ọmọ kan ṣoṣo tí Tomeko bí ni. Láti ìlú ńlá Sendai ló ti wá, ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọdún méjìlá.

Tomeko ni ọ̀rẹ́ Shigeyo. Etí èbúté nilé rẹ̀ wà, òkun gbé òun àti ilé lọ. Ohun tí kò yé wa nìyí: ọjọ́ Ẹtì ni òkun wọ̀lú. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì, aago méjì, Tomeko máa ń gòkè wá sí tẹ́ḿpìlì láti kọ́ títo òdòdó. Kì í pa á jẹ. Ká ní ó wá ni, kò ní í kú. Níbi ìsìnkú, Harue bi gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan: "Kí ló dá ìyá mi dúró nílé?" Shigeyo wà níbẹ̀. Ilẹ̀ ló ń wò.

Nígbà tí a gún ìrẹsì tán, Shigeyo fa ẹrù kan jáde lábẹ́ tábìlì, ó tú aṣọ tó fi dì í. Àpótí oúnjẹ dúdú dídán ni, ẹyẹ funfun wà lórí ìdérí rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Ti Tomeko ni.

"Níbo lẹ ti rí ìyẹn?"

"Ilé mi ló wà látijọ́ náà."

"Ọdún méjìlá! Kí ló dé tí ẹ ò fi ránṣẹ́ sọ́mọ ẹ̀?"

"Lófìfo?" Ó wò mí bí ẹni wo òmùgọ̀. "Tẹ̀ lé mi."

Nílùú wa, ẹni tó bá gbé oúnjẹ wá fún ọ, o kì í dá àwo rẹ̀ padà lófìfo.

Ó dúró níwájú Harue.

"Harue, ìyá ẹ gbé ẹja wá fún mi nínú àpótí yìí. Mo fẹ́ fi ohagi dá a padà, mo sì fẹ́ kó dùn ju èyí tí òun máa ń ṣe lọ. Ẹ̀wà pupa tí mo fẹ́ fi bo ìrẹsì jóná láàárọ̀. Mo gbé òmíràn kaná. Mo bá tẹ ìyá ẹ láago. Mo ní, 'Má lọ síbi òdòdó lónìí. Dúró dè mí, aago mẹ́ta ni màá gbé e wá.' Ó ní, 'Ó dáa, màá gbé omi tíì kaná.'"

Sísọ́ọ̀sì tó fi ń gé òdòdó dúró lọ́wọ́ Harue.

"Ẹ̀yin lẹ ní kó dúró?"

"Èmi ni."

"Mo bi yín níbi ìsìnkú. Lójúkojú."

"O bi mí."

"Ẹ̀wà," ni Harue wí. "Nítorí ẹ̀wà tó jóná."

Shigeyo tẹrí ba títí iwájú orí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tábìlì.

Harue ṣí àpótí. Ohagi mẹ́fà ló wà níbẹ̀, ìrẹsì róbótó tí a fi ẹ̀wà oníṣúgà bò. Ó tẹ́ aṣọ tí Shigeyo fi di àpótí sílẹ̀, ó kó márùn-ún sínú rẹ̀, ó fi ẹyọ kan sílẹ̀, ó dé àpótí.

"Ti ìyá mi nìyí. Ẹ máa gbé ìyókù lọ, Ìyá. Mi ò lè jẹ ẹ́."

Kò pariwo. Ì bá sàn kó bú u. Ó wọ bọ́ọ̀sì aago mẹ́rin. Mo rí i lójú fèrèsé, àpótí wà lórí itan rẹ̀.

A ń gòkè lọ sílé, díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ̀ bá ti sọ ọ́ nígbà náà, Ẹ̀gbọ́n."

"Ọdọọdún ni mò ń sè é, kí n gbé e tọ̀ ọ́ lọ ní Sendai, kí n wá sọ ọ́. Ọdọọdún ni mò ń rí àbùkù ẹ̀."

"Tọdún yìí ńkọ́?"

"Ṣúgà pọ̀ jù."

Nírọ̀lẹ́ mo yọjú sí i. Kò fọwọ́ kan ìrẹsì gígún tí mo bù fún un. Ohagi kan ló jẹ lára èyí tí Harue dá padà, àti ààbọ̀ ìkejì, ó fi omi tútù tì í.