Igi Táyà Ìyá Mi Nínú Bàálù

Láti Ìkàrẹ́ títí dé Ọ̀kà, ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé ìyá mi ló fi igi dá bàálù dúró. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́ káàkiri ọjà. Èmi ọmọbìnrin rẹ̀ tí mo ń tọ́jú èrò nínú bàálù ọ̀hún, wọn kì í tilẹ̀ dárúkọ mi. Ó ń bí mi nínú.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì Ìkàrẹ́ sí Ọ̀kà ni bàbá mi nígbà ayé rẹ̀. Bọ́ọ̀sì náà kì í fẹ́ gun òkè Ọ̀kà. Bó bá ti kú lójú òkè báyìí, ìyá mi á bẹ́ sílẹ̀, á fi ègé igi kan ti táyà ẹ̀yìn. Bàbá mi ti lọ, a ti ta bọ́ọ̀sì, àmọ́ ìyá mi kì í rìnrìn-àjò kankan kí igi yẹn má sí nínú báàgì rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo wí yìí, mo ra tíkẹ́ẹ̀tì fún un láti Èkó sí Àkúrẹ́, kó lè tètè délé. A ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra nílẹ̀ ni awakọ̀ bàálù pè mí lórí fóònù inú bàálù. Ó ní irin pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn apá bàálù, tó yẹ kó ká wọlé lẹ́yìn tí a bá ti gbéra, ti há. Òun àti igbákejì rẹ̀ ti ṣí ìwé ìlànà bàálù, wọ́n ń tẹ̀lé e. A ó padà sí Èkó, eré la ó sì bá balẹ̀, torí irin náà kò ní lè nà tán láti dín eré kù.

"Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dìde," ló wí.

Mo kéde fún èrò. Kí n tó parí, ìyá mi ti tú bẹ́líìtì, ó gbé igi lọ́wọ́, ó ń bọ̀ láàárín ìjókòó. Ó ń fi èdè Ọ̀kà pọ́nńbélé pariwo pé kí awakọ̀ rọra dúró, òun fẹ́ sọ̀ lọ ti táyà. Àwọn tí kò gbọ́ èdè wa rò pé àdúrà ni. Wọ́n ń ṣe àmín kíkankíkan.

Iṣẹ́ mi ni kí n pàṣẹ fún un. Ta ló ń pàṣẹ fún ìyá tó bí i lójú èèyàn? Mo kúnlẹ̀ sáàárín ọ̀nà. Bàálù tẹ̀ sápá kan, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ yí lọ bí iṣu.

"Màmá, ẹ dákun, ti bàálù yàtọ̀. Orí ìjókòó ni wọ́n ti ń ti táyà rẹ̀. Ẹ gbé igi yín sílẹ̀, kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ọkọ̀ á fi dúró."

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú, mà."

Irọ́ gbuu, ẹ̀rù ikú ló fà á. Ó jókòó, ó tẹ igi mọ́lẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni oníkóòtù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà na bàtà dídán rẹ̀ síbẹ̀, ó ń bá a tẹ̀ ẹ́.

Eré la bá balẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ a balẹ̀ láyọ̀. Èrò pàtẹ́wọ́. Mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín.

Mo mú ìyá mi sọ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó kàn dúró gbagidi. Ọkùnrin méjì ń sáré bọ̀ lábẹ́ bàálù, ègé igi wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n lóṣòó, wọ́n fi ti táyà níwájú àti lẹ́yìn. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe é, ó ti mọ́ mi lójú débi pé mi ò rí i mọ́.

Ìyá mi yíjú sí mi.

"Orí ìjókòó ni wọ́n ti ń tì í, àbí?"

Mo tún kúnlẹ̀.