Ajó Orí Ọlọ

Ọdún tí ọwọ́ mi wú, bọ́tìnnì bùláòsì ló kọ́kọ́ dójú tì mí. Tí mo bá jí láàárọ̀, ìka mi á ti ki, á gbóná, kò ní ṣeé ká. Èmi tí mo fi ọwọ́ yìí kọ ojú pátákó títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ọkọ mi ti lọ, àwọn ọmọ wà lókè òkun, èmi nìkan ni mo kù nínú ilé wa ní Òkè-Ìlá, l'Ádó. Bùbá ni mo wá ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nítorí pé kò ní bọ́tìnnì, àwọn ènìyàn sì ń yìn mí pé mo fẹ́ràn àṣà.

Dókítà ọ̀dọ́ kan ló là á yé mi pé ara mi ló ń bá ara rẹ̀ jà, ìjà náà ló ń mú oríkèé wú. Ó fún mi lóògùn. Ó ń dín in kù díẹ̀díẹ̀, àmọ́ òwúrọ̀ ṣì ń ni mí lára. Aránṣọ tó ń gbé ojúlé kejì, ọmọ ìlú Ìyìn, ló mú ajó wá láti oko ìyá rẹ̀, atalẹ̀ pupa tí àwọ̀ rẹ̀ kì í tètè kúrò léèékánná. Ó ní kí n máa lọ̀ ọ́ pẹ̀lú iyèré, kí n máa pò ó mọ́ ẹ̀kọ gbígbóná. Mo bi dókítà.

"Màmá, ó lè bá wa dín wíwú náà kù o," ló wí, "díẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa lò. Ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ tìtorí ẹ̀ fi oògùn sílẹ̀."

Ta ni yóò wá lọ̀ ọ́? Àgbà ní ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Tèmi méjèèjì gan-an ò gbé ọmọ ọlọ. Aránṣọ ní òun á máa yà kí òun tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Bó ṣe ń lọ̀ ọ́ ló ń sọ̀rọ̀: oníbàárà tó sanra tó ní kí wọ́n dín aṣọ òun, ìran tí wọ́n rí ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wọn, ọkọ rẹ̀ tó ń hanrun. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń sú mi nígbà náà. Mo gbà pé ajó ni mo ń dúró dè láràárọ̀. Ọlọ́gbọ́n ni mí, àbí?

Nígbà tó yá, ọwọ́ rọ̀. Bóyá oògùn ni, bóyá ajó ni, bóyá àwọn méjèèjì ni, mi ò lè búra. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo jí tí ìka ká, inú mi dùn débi pé mo lọ ajó fúnra mi kí aránṣọ tó dé. Mo fẹ́ kó rí i. Ó rí i, ó kúnlẹ̀ níbẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

"Màmá, ọpẹ́ yìí mà pọ̀ o. Ẹ ti lè dá a ṣe báyìí. Ẹ jẹ́ kí n tètè lọ bá iṣẹ́."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo tiẹ̀ sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Láti ìgbà yẹn, ojú títì ló ti ń kí mi. "Màmá, ọwọ́ ńkọ́?" Mo máa ń na ìka mi sókè fún un, òun á rẹ́rìn-ín, á sì kọjá. Kò ṣẹ̀ mí. Ẹni tó ní ọmọ wẹ́wẹ́ àti aṣọ rẹpẹtẹ nílẹ̀ ò lè máa wá jókòó ti arúgbó tí ara rẹ̀ le. Àmọ́ àárò rẹ̀ ń sọ mí ju bí mo ṣe lè sọ fún ọmọ lórí fóònù. Mo ṣì ń lo oògùn, mo ṣì ń lọ ajó mi. Kì í pẹ́ mọ́, nítorí kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ sí i. Ó máa ń wá sí mi lọ́kàn pé kí n pè é wọlé. Ṣùgbọ́n tó bá bi mí pé kí ló ń ṣe mí, kí ni n ó wí?