Àwa Mẹ́rin Nínú Ilé Ìdáná Bagidadíyà

Nígbà tí ìyá mi kú ní Ìbàdàn, Jẹ́dà, ní ilẹ̀ Lárúbáwá, ni mo wà, mo ń ká aṣọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sá. Àbúrò mi ọkùnrin ló pè mí lórí tẹlifóònù. Kí ó tó rí mi pè, wọ́n ti sin ín, nítorí òkú Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀. Mo fẹ́ lọ sílé. Ṣùgbọ́n àwọn tó gba ọkọ mi síṣẹ́ ló ń tọ́jú pásípọ́ọ̀tù wa, ẹni tí yóò sì fọwọ́ sí ìwé ìjáde wa ti lọ fún ìsinmi. "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́," ni wọ́n ń wí. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ dé, ó kọjá. Nígbà tí ìwé náà yóò fi jáde, wọ́n ti ṣe àdúà ogójì ọjọ́ tán nílé, n kò sì rí ohun tí mo fẹ́ lọ ṣe mọ́.

Àárín àwọn ọdún 1990 ni. Tíṣà ni mí kí n tó tẹ̀lé ọkọ mi, tó jẹ́ dókítà, lọ sí Jẹ́dà. Níbẹ̀, n kò níṣẹ́ kankan. Bí òun bá ti lọ sí ọsibítù, tí àwọn ìbejì wa sì ti lọ sí iléèwé, èmi àti ẹ̀rọ amúlétutù la máa ń kù nínú ilé, òun nìkan ló sì ń sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ikú ìyá mi, ó di pé mo máa ń gbé ìkòkò kaná, n óò wá jókòó, n óò gbàgbé rẹ̀ títí yóò fi jóná. Ọkọ mi fara dà á títí. Ní ọjọ́ kan ó jókòó tì mí.

"Ìyá Ìbejì, obìnrin kan wà ní àdúgbò Bagidadíyà tó ń kọ́ àwọn àjèjì ní oúnjẹ ilẹ̀ yìí nínú ilé rẹ̀. Wọn ò pọ̀. Lọ bá wọn."

"Ta ló sọ fún ọ pé oúnjẹ ló ń dà mí láàmú?"

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe oúnjẹ. Ṣáà jáde kúrò nínú ilé yìí."

Báyìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbẹ̀ láràárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ tí ọkọ mi kì í lọ síbi iṣẹ́, tí àwọn ọmọ kì í sì í lọ sí iléèwé. Yóò gbé mi dé ẹnu ọ̀nà, yóò sì kó àwọn ọmọ lọ sí etí òkun.

Opó ni obìnrin tó ni ilé náà, ọmọ ìlú Jẹ́dà gan-an, ó sanra, ẹsẹ̀ sì ń dùn ún. Kálà ni gbogbo wa ń pè é, bí àwọn Lárúbáwá ṣe ń pe àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n ìyá wọn obìnrin. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti ṣègbéyàwó, wọ́n ti lọ, mo sì rò pé òun náà ń wá ẹni tí yóò máa bá òun sọ̀rọ̀ ni. Àwa mẹ́rin là ń kọ́ṣẹ́: ìyàwó olùkọ́ yunifásítì kan láti Sùdáánì, ìyàwó ẹnjiníà kan láti Pakísítáànì, èmi, àti obìnrin dúdú kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí kì í sọ̀rọ̀, tí mo kọ́kọ́ pè ní ará Sùdáánì pẹ̀lú.

Ọjọ́ kejì tí mo lọ, mùtábàkì là ń ṣe. Ìyẹ̀fun ni wọ́n ń pò, wọ́n á wá fà á títí yóò fi fẹ́lẹ́ bí aṣọ ìbòrí, wọ́n á da ẹyin àti ẹran lílọ̀ sí àárín rẹ̀, wọ́n á ṣẹ́ etí rẹ̀ pọ̀, wọ́n á sì dín in lórí irin gbígbóná. Ọkàn mi kò sí níbẹ̀. Ọwọ́ mi bá kan irin.

"Yéè, ìyá mi o," ni mo wí.

Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ náà gbé ṣíbí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ló wí, ní Yorùbá tó já gaara. "Ẹ fi sábẹ́ omi. Ọmọ ibo ni yín?"

Mo fi ọwọ́ sábẹ́ omi bí ó ti wí. Kì í ṣe pé ọwọ́ náà dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Mo ti ké pe ẹni tó ti kú, ẹlòmíràn sì dá mi lóhùn. Ẹkún tí n kò rí sun láti ọjọ́ tí àbúrò mi ti pè bẹ̀rẹ̀ sí í wá, ó wá títí Kálà fi pa gáàsì, tí gbogbo wọn sì dúró, tí wọn ò mọ ohun tí wọ́n lè ṣe.

Ọmọ Ọ̀fà ni obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ náà, Àlàájà ni mo sì ń pè é. Ó wá ṣe Háájì, ó sì dúró. Kakíyà, ní Mẹ́kà, ló ń gbé, nínú yàrá kan tí òun àti àwọn obìnrin mìíràn jọ háyà. Kò ní ìkámà, ìwé tí ìjọba ń fún àjèjì kí ó tó lè gbé ìlú wọn. Tẹ̀sùbáà àti ìbòrí ló ń tà lẹ́bàá Háráámù, mọ́sálásí ńlá Mẹ́kà, bí ó bá sì ti rí àwọn ẹ̀ṣọ́ lọ́ọ̀ọ́kán, á kó ọjà rẹ̀ sínú aṣọ, á sá. Níbẹ̀ ni Kálà ti ṣubú lọ́jọ́ kan tó lọ ṣe Úmúrà, Háájì kékeré. Àlàájà ló gbé e dìde, tó sì dì í mú dé ibi ọkọ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti mọra.

"Kálà ní bí mo bá mọ oúnjẹ wọn sè dáadáa, òun á bá mi wá ilé ńlá kan tí mo lè máa dáná," ló sọ fún mi. "Ẹni tó bá gbà mí síṣẹ́ lè bá mi ṣe ìkámà. Mo bí ọmọbìnrin kan síbí, Àlàájà. Ó ti ń lọ sí ọdún márùn-ún. Mo fẹ́ kí ó lọ sí iléèwé."

"Bàbá rẹ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n ti mú un, wọ́n dá a padà sílé kí ọmọ náà tó rìn. Ó ti fẹ́ ẹlòmíràn."

Mo sọ ti ìyá mi fún un. Kò sọ fún mi pé kí n gba kádàrá, gẹ́gẹ́ bí gbogbo ènìyàn ti ń sọ. Ó ń nu tábìlì nígbà náà, kò sì dúró. "Ìyá tèmi náà kú," ló wí. "Obìnrin kan láti ilé ló pàdé mi láàárín àwọn èrò, tó ní, 'Ṣé ẹ gbọ́ pé ìyá yín kú?' Ó ti tó ọdún kan nígbà náà. Mo ṣáà ń tajà mi lọ."

Mo fẹ́ràn rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Bí a bá ń bó àlùbọ́sà, à ń sọ̀rọ̀ ilé. Kálà á ní kí a sọ ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín ní èdè Lárúbáwá kí òun náà lè rẹ́rìn-ín. Ó kọ́ wa ní sàlíìkì, ìrẹsì tí a fi omi ẹran sè títí yóò fi rọ̀, kí a tó da wàrà sí i, tí a ó sì rọra rò ó kí ó má baà dì mọ́ ìdí ìkòkò. "Ṣùwáyà, ṣùwáyà," ni Kálà máa ń wí, ìyẹn díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ Àlàájà yá ju tiwa lọ nítorí pé ó nídìí tó fi ń kọ́ ọ.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, kò dé. Kálà ní kí a dúró dè é díẹ̀. Ìyẹ̀fun tí a ti pò bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ lójú. Tẹlifóònù dún nínú pálọ̀, Kálà gbé e, ó gbọ́ díẹ̀, ó sì nà án sí mi. "Èdè yín ni," ló wí.

Obìnrin kan láti Kakíyà ni, ó ń pè láti ibi tẹlifóònù ìta. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin ni Ìyàwó Dókítà? Wọ́n ti mú Àlàájà. Ní Bahara, lójú ọ̀nà Mẹ́kà sí Jẹ́dà. Wọ́n dá ọkọ̀ dúró, wọ́n béèrè ìkámà lọ́wọ́ gbogbo èrò. Awakọ̀ ló padà wá sọ fún wa. Ọmọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa níbí."

Mo sọ ọ́ fún Kálà. Ó jókòó sórí àga ilé ìdáná, ó fi ọwọ́ tó kún fún ìyẹ̀fun bo ojú rẹ̀. "Èmi ni mo ní kí ó máa wá," ló ń wí. "Èmi ni."

Ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, èmi àti ọkọ mi lọ sí Kakíyà. A bá àwọn obìnrin náà jókòó yí ọmọ ká. Wọ́n ti gbèrò. Bí wọ́n bá dá ìyá padà sí Nàìjíríà tí ọmọ sì kù síbí, ta ni yóò mú un lọ bá a? Ó sàn kí wọ́n mú un lọ sí tàrìhíìlì ní Jẹ́dà, níbi tí wọ́n ń kó àwọn tí wọ́n fẹ́ dá padà sí, kí àwọn méjèèjì lè jọ wọ ọkọ̀ òfuurufú kan. Ṣùgbọ́n kò sí èyíkéyìí nínú wọn tó lè dé ẹnu ọ̀nà ibẹ̀, nítorí wọn kò níwèé, wọn kò sì ní padà jáde.

"Ẹ̀yin lẹ níwèé, Dókítà," ni àgbà inú wọn wí.

Ọkọ mi pè mí sí ìta. "Bí wọ́n bá bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ obìnrin náà ńkọ́? Wọ́n lè ní mo ń fi ènìyàn pamọ́. Àdéhùn iṣẹ́ mi á parí nìyẹn."

"Mo mọ̀."

"Ìwọ náà mọ̀, o sì fẹ́ kí n lọ."

"Kí lo fẹ́ kí a ṣe sí i, Bàbá Ìbejì? Kí a fi í síbí?"

Ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ jáde, ó ní kí n lọ gbé ọmọ wá.

Mo gbé e sórí ẹsẹ̀ mi níwájú ọkọ̀. Wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, wọ́n ti di irun rẹ̀, wọ́n sì wọ aṣọ Ọdún fún un. Mo ti dín mùtábàkì wá láti ilé, ó sì jẹ ẹ́ títí dé Bahara, tó ń nu ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ mi. Mo fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀. Ó gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n Lárúbáwá ló fi ń dáhùn. Ó bi mí bóyá ìyá òun wà ní ilé tí wọ́n ti ń dáná. Mo ní ó wà níbòmíràn, a sì ń lọ bá a.

Níbi gééètì, ẹ̀ṣọ́ kan wo ìkámà ọkọ mi, ó wo ọmọ náà, ó wọlé lọ. A dúró nínú oòrùn. Ó padà wá, ó ní ìyá rẹ̀ wà nínú, kí ọmọ wọlé, kí àwa máa lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí n fà á lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní kò ṣeé ṣe. Obìnrin kan jáde wá, ó di ọmọ náà lọ́wọ́ mú. Ilẹ̀kùn sì tì.

N kò fẹ́ kúrò níbẹ̀. Mo rò pé bóyá Àlàájà yóò yọjú ní fèrèsé kan, pé yóò na ọwọ́ sí mi kí n lè mọ̀ pé wọ́n ti ríra. Fèrèsé kankan kò kọjú sí ìta. Ọkọ mi padà lọ síbẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, wọ́n ní wọ́n ti kó gbogbo àwọn yẹn lọ.

A gbìyànjú láti máa báṣẹ́ lọ ní ilé Kálà. Ó pè wá lẹ́ẹ̀kan sí i, ó gbé wàrà kaná, ó sì gbàgbé láti rò ó. Nígbà tó yá ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun, kí a jẹ́ kí òun sinmi, a sì mọ̀ pé ó ti parí. Mo padà sínú ilé wa, sọ́dọ̀ ẹ̀rọ amúlétutù. Gbogbo oṣù Ààwẹ̀ yẹn, mò ń dáná ìṣínu fún àwọn tèmi, mo sì ń bu díẹ̀ sẹ́nu láti fi bá wọn jókòó. Mo gbàdúà. N kò lè sọ pé mo mọ ẹni tó ń gbọ́ ọ.

Nígbà Háájì tó tẹ̀ lé e, Kálà pè mí. Ó ní arìnrìn-àjò kan láti Ọ̀fà ń wá mi, ó ti gba nọ́ńbà ilé òun lọ́wọ́ Àlàájà. A lọ bá a ní Mẹ́kà, níbi tí wọ́n wọ̀ sí. Ìyá àgbàlagbà ni. Ó dì mọ́ mi bí ẹni tó ti mọ̀ mí tipẹ́.

"Ó délé," ló wí. "Ṣùgbọ́n ọmọ kò bá a dé."

Mo jókòó sórí ẹní rẹ̀.

"Òwúrọ̀ Jímọ̀ tí ẹ mú ọmọ lọ ni wọ́n ti kó ìyá lọ sí pápákọ̀ òfuurufú. Kò mọ̀ rárá pé ẹ ń bọ̀. Obìnrin Haúsá kan ló rí ọmọ náà nínú ibẹ̀, tó ń dá rìn, ó sì mú un mọ́ra. Àwọn méjèèjì jọ délẹ̀ ní Kánò. Nígbà tí àwọn ará Kakíyà ránṣẹ́ sílé pé ẹ ti mú ọmọ lọ, Àlàájà gba Kánò lọ, níbi tí ọkọ̀ òfuurufú àwọn tí wọ́n dá padà ti ń balẹ̀. Ó wá a títí. Ó ta ohun tó ní. Ó rí i."

"Alihamudulilahi."

"Ó rí i, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n obìnrin yẹn ni ọmọ ń pè ní ìyá. Ó ń sá fún ìyá tó bí i. Nígbà tí mo fi ń bọ̀, ṣe ni ọmọ náà ń sùn sí ẹnu ọ̀nà, tó ń retí obìnrin Haúsá yẹn. Àlàájà kì í sọ̀rọ̀ mọ́ bí ti tẹ́lẹ̀."

Ó mú omi, ó sì wò mí.

"Ohun kan ló ní kí n bi yín. Ó ní kí ẹ sọ òtítọ́ fún òun. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ náà sunkún nígbà tí ẹ fi í sílẹ̀."

"Kò sunkún," ni mo wí.

Òtítọ́ ni. Ó di obìnrin náà lọ́wọ́ mú, ó sì wọlé lọ wọ́ọ́rọ́, nítorí mo ti sọ fún un pé ìyá rẹ̀ wà nínú. Ìyá àgbà náà mi orí, ó ní òun yóò jẹ́ iṣẹ́ náà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n wá pe àwọn arìnrìn-àjò pé ọkọ̀ tí yóò kó wọn lọ sí Mínà fún iṣẹ́ Háájì ti dé, ìyá náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàtà rẹ̀.