Epo Tó Jóná Nínú Ìtàn Mi

Obìnrin tó ń kọ́ àwọn ìyá ní ìwé kíkà ní Sakété ló pè mí lórí fóònù. Ó ní òun rí ìtàn kan tí mo kọ nígbà tí mo ṣì wà nílé ìwé, nínú ìwé pẹlẹbẹ tí kòkòrò ti jẹ létí. Òun fẹ́ kí kíláàsì òun kà á lọ́jọ́ àṣekágbá. Ṣé mo fẹ́ tún un ṣe kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́?

Mo ní kó fi ránṣẹ́ sí mi ní Pobè. Orí ìdúró ni mo ti kà á. Oòrùn ń sunkún lẹ́ẹ̀mẹta lójú ewé kìn-ín-ní, afẹ́fẹ́ ń sunkún, ewúrẹ́ nìkan ni kò sunkún níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi tí ìyàwó ti jẹ́ kí epo jóná, ẹ̀rín tán lẹ́nu mi. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ló kọ ọ́, síbẹ̀ mo ń gbọ́ òórùn èéfín rẹ̀. Mo ní, "Ọmọbìnrin yìí, o gbọ́n jù mí lọ."

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wà nínú kíláàsì náà, òun gan-an ló sì ni ìtàn. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tó ti Aguidi wá sílé wa ní Sakété. Epo àkọ́kọ́ tó ṣe nílé ọkọ, ó ti gún ẹyìn, ó ti ré epo, ó ku kó sè é kí omi inú rẹ̀ gbẹ. Ló bá gbàgbé ẹ̀ sórí iná. Epo dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó sunkún lẹ́yìn ilé ìdáná, ó di ẹrù, ó forí lé ọ̀nà Aguidi. Èmi ni mo sá tẹ̀ lé e títí ó fi yíjú padà.

Gbogbo rẹ̀ ni mo kọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo mú un wálé láti kà á fún un, tí mo rí bó ṣe tẹ́ ẹní jókòó, ojú tì mí. Kò mọ ìwé kà nígbà náà. Mo fo ẹkún, mo fo ọ̀nà Aguidi, mo jẹ́ kí epo pọ́n, kí gbogbo ilé máa lá ìka. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń fi ìtàn yẹn yangàn ládùúgbò. Ní báyìí, ó ti mọ ìwé kà.

Mo jókòó láti tún un ṣe. Mo pa ẹkún rẹ́, mo sọ epo di pupa. Ìtàn náà wá tẹ́ bí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀. Mo ya á, mo mú ti àtijọ́, mo gun ọ̀kadà zẹ̀mijáànì, ó di Sakété.

"Ọkọ mi, ẹ káàbọ̀," ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi fi pàdé mi. Bí mo ṣe kéré sí i tó, wọ́n ti bí mi sílé kó tó dé. Ọkọ ni mí.

"Ìyàwó wa, mo purọ́ kan fún yín nígbà kan."

"Ẹ̀yin tí ẹ ń fi irọ́ jẹun. Èwo nínú rẹ̀?"

Mo fún un ní ìwé. Ó fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ibi epo, ìka dúró. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, kò wò mí. Ó tẹ̀ síwájú dé ọ̀nà Aguidi, ni ojú rẹ̀ bá le.

"Ta ló kọ eléyìí?"

"Èmi ni. Ẹ má bínú, epo yẹn..."

"Mi ò bá yín sọ ti epo. Ṣé kò jóná ni? Gbogbo ilé rí i. Ọdún yẹn náà ni mo ṣe òmíràn tí wọ́n ń ti Pobè wá rà." Ó fi ìka gún ìwé. "Èyí ni mo ń wí. Ìyàwó yìí yíjú padà, ó pe ọmọ ọkọ rẹ̀ lórúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Èmi? Mo ti pè yín lórúkọ rí?"

Ó bá mi níbi tó ń dùn mí. Faransé ni mo kọ́kọ́ fi kọ ọ́ fún olùkọ́ wa, níbi tí kálukú ti ń jẹ́ orúkọ inú ìwé ìbí rẹ̀. Nígbà tí mo ń tú u sí èdè wa, mo gbàgbé pé ìyàwó ilé a máa sọ ọmọ ọkọ lórúkọ tí òun fúnra rẹ̀ yàn fún un.

"Kí ni mo pè yín lọ́jọ́ náà?"

"Eyínfúnjowó."

"Hẹn-ẹn. Eyín ọ̀hún dà báyìí?"

Méjì ti lọ níwájú. Mo pa ẹnu dé.

Ó gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ bá a kọ ọ́, ó gbọn ọwọ́ mi dànù. Ó fa ìlà sórí orúkọ mi, ó kọ Eyínfúnjowó sókè rẹ̀, lẹ́tà ń bá lẹ́tà jà. Ó gbàgbé àmì kan, ó padà lọ fi í sí i. Nínú gbogbo ohun tí mo ti kọ, kò sí ọ̀rọ̀ tí mo fi ń ṣe fáàrí tó ìyẹn, bẹ́ẹ̀ èmi kọ́ ni mo kọ ọ́.

Lọ́jọ́ àṣekágbá, òun ni wọ́n ní kó kà á. Nígbà tó dé ibi tí epo ti jóná, àwọn ìyá bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn, tó ń ta aṣọ lọ́jà, bèèrè látẹ̀yìn pé, "Ìyàwó wo nìyí, tí kò lè ṣọ́ epo lórí iná?"

Ó gbójú sókè. "Èmi ni," ló wí. "Ẹ dákẹ́, kí n kà á tán."