Iyọ̀ Tí Ọmọ Mi Mú Bọ̀ Láti Ilé Ìwé

Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín fi ohunkóhun tí wọ́n bá ṣe ní kíláàsì kẹ́mísírì sẹ́nu, bó ti wù kó funfun tó.

Nílé wa ní Ararọ̀mí-Ọ̀pin ni mo ti ń se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Ìgbẹ́ gbuuru ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba àbíkẹ́yìn mi lọ́wọ́ mi, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbádùn ni. Ọbẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ fi fún un níyán. Mo tọ́ ọ wò, mo ní iyọ̀ ò tó. Kí n tó yíjú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó wà ní SS1 ti tú nǹkan láti inú bébà sínú ìkòkò.

"Mọ́mì, ẹ tọ́ ọ wò báyìí. Èmi ni mo ṣe iyọ̀ yẹn!"

Mo tọ́ ọ wò. Ó ti ṣe déédéé. "Báwo lo ṣe ṣe iyọ̀?"

"A da iyọ̀ pọ̀ mọ́ iyanrìn, a bomi sí i kí iyọ̀ lè yọ́. A wá fi bébà asẹ́ sẹ́ ẹ. Iyanrìn dúró sórí bébà, a gbé omi ka iná títí ó fi gbẹ. Iyọ̀ nìkan ló kù."

"Níbo lẹ ti bu iyanrìn?"

"Ẹ̀yìn ilé ìgbẹ́ àwọn ọkùnrin, níbi táwọn ewúrẹ́ máa ń sùn. Ibẹ̀ ló kúnná jù."

Mo tutọ́ sílẹ̀. Bàbá wọn, tó ti yọ ẹran kan nínú ìkòkò, ń jẹ ẹ́ lọ, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ìyá wọn, ṣebí wọ́n ti sẹ́ ẹ."

"Iyanrìn ni bébà dá dúró. Ìtọ̀ ewúrẹ́ máa ń yọ́ sínú omi bí iyọ̀ ṣe ń yọ́. Ibi tí iyọ̀ gbà kọjá lòun náà gbà. Nígbà tí omi gbẹ, àwọn méjèèjì ló jọ kù sínú abọ́."

Ó tu ẹran náà sílẹ̀.

"Abọ́ wo lẹ fi sè é?" Mo ṣì ń bi ọmọ náà.

Ó wolẹ̀. "Èyí tá a tẹ́ ọ̀pọ̀lọ́ tá a là sí ní bàọ́lọ́jì. Ṣùgbọ́n a ṣan án, Mọ́mì."

Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni mo ti bì. Àbíkẹ́yìn mi ti gbé àwo rẹ̀ dání, ó ń retí ọbẹ̀. Mo da gbogbo rẹ̀ sínú kòtò, tẹran-tẹran, mo sì fi yẹ̀pẹ̀ bò ó kí adìẹ má baà ṣà á jẹ. Àbíkẹ́yìn mi sunkún títí mo fi fún un ní iṣu àti epo. Títí di òní, bí mo bá rí iyọ̀ funfun nínú bébà, n kì í fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba iyọ̀ yẹn lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó kúrò ní kíláàsì. Ẹ̀yin òbí, ẹ máa yẹ àpò ìwé wọn wò kí wọ́n tó wọ ilé ìdáná.