Lẹ́tà Tí Wọn Kò Rí Àyè Kà

Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Mujeebat, ní Agbowó. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Ikhlas, tí ó wà ní poli. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọ̀kadà gbá ọmọ náà lọ́nà Apete. Wọ́n sáré gbé e dé ilé ìwòsàn aládàáni kan. Àwọn yẹn ní àfi kí wọ́n kọ́kọ́ lọ gba ìwé wá lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Nígbà tí ìwé fi máa dé, Ikhlas ti kú.

Mujeebat kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kọ̀wé sí aṣojú wọn ní Àbújá, ìyẹn náà sì sọ ọ̀rọ̀ náà di àbádòfin: kí wọ́n máa kọ́kọ́ tọ́jú ẹni tó bá fara pa, kí wọ́n tó béèrè ìwé ọlọ́pàá. Ó lé ní ọdún kan kí Ilé Aṣojú-ṣòfin tó fọwọ́ sí i. Mujeebat rò pé ó parí.

Òṣìṣẹ́ ilé náà kan, Oyèbọ́lá, ló ṣàlàyé fún un lórí fóònù.

“Ó ku Ilé Aṣòfin Àgbà, ma. Akọ̀wé wa máa kọ lẹ́tà sí wọn pé a ti fọwọ́ sí i, kí àwọn náà fọwọ́ sí i. Wọ́n gbọ́dọ̀ ka lẹ́tà yẹn níjòókòó wọn kí wọ́n tó lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ẹ̀.”

“Ṣé ọ̀nà wọn jìn sí yín ni?”

“Rárá, ma. Inú ọgbà kan náà ni gbogbo wa wà.”

Gbogbo Ọjọ́bọ̀, tí àwọn ọmọ bá jáde lọ ṣeré, ó máa ń pè é. Lẹ́tà ti lọ. Wọ́n ti gbà á, wọ́n ti lu òǹtẹ̀ sí i. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ kà á, ọ̀kan nínú àwọn aṣòfin àgbà náà kú, wọ́n sì tú ká láti fi ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìdìbò dé, tí kò sẹ́ni tó jókòó mọ́. Oyèbọ́lá kò sá fún ìpè rẹ̀ rí.

Ní oṣù kẹfà, òun fúnra rẹ̀ ló pè.

“Ma, sáà àwọn aṣòfin yìí ti parí, èyí tí wọn ò bá sì ṣe tán nínú ẹ̀ ti dòfo nìyẹn. Àbádòfin yẹn ti bá a lọ.”

“Ta ló ní òun ò fẹ́ ẹ?”

“Kò sẹ́ni tó kọ̀ ọ́, ma. Wọn ò rí àyè ka lẹ́tà ẹ̀ ni.”

Mujeebat dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kó jọ̀ọ́, kó ya fọ́tò lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí òun. Ìlà mẹ́ta péré ni. Ó kà á tán nínú kíláàsì, aago lù, àwọn ọmọ wọlé, kò sì lè dìde. Ọ̀gá ilé ìwé, Ìyáàfin Olúkẹ́mi, ló bá a kọ́ wọn lọ́jọ́ náà.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, aṣojú tuntun ránṣẹ́ pè é sí ọ́fíìsì rẹ̀ ní Dùgbẹ̀, pé kó wá sọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, kí wọ́n lè tún àbádòfin náà bẹ̀rẹ̀. Mujeebat múra, ó wọ táksí. Nígbà tí wọ́n dé Mọ́kọ́lá, ó ní kí dírẹ́bà já òun sílẹ̀. Ó tún ka lẹ́tà onílà mẹ́ta yẹn lórí fóònù rẹ̀ lẹ́bàá títì, ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì náà pé ara òun ò yá, ó sì sọdá láti wọ ọkọ̀ padà sílé.