Ògì Àárọ̀ Ọjọ́ Iṣẹ́ Abẹ

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí nílùú Douala yìí. Àwọn mìíràn ṣẹ̀ mí lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló ṣáájú wọn.

Nígbà náà, mo ní ohùn. Olùkọ́ ni mí, èmi ni mo sì ń dá orin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nírọ̀lẹ́ Sátidé, bí mo bá ń fi orin ọjọ́ kejì dánra wò lójú fèrèsé wa ládùúgbò Nkololoun, àwọn télọ̀ ìsàlẹ̀ a dá ẹ̀rọ ìránṣọ wọn dúró. Ìdákẹ́jẹ́ àwọn ẹ̀rọ yẹn ṣì ń wù mí gbọ́.

Ọmọ àkọ́kọ́ mi dábùú nínú mi, ó di dandan kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ. Dókítà ní abẹ́rẹ́ tó ń pa ojú kan kú, bíi ti eyín, kò lè tó. Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ló fẹ́ fún mi, kí ìsàlẹ̀ ara mi kú tipiri, kí n sì wà lójúfò. Orí lè fọ́ mi lẹ́yìn náà, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi sì lè já wálẹ̀, àmọ́ wọn yóò máa ṣọ́ mi.

Ẹ̀gbọ́n fò dìde. "Ẹ̀yìn tí yóò pọn ọmọ lẹ fẹ́ gún? Ká má rí i! Ẹ fún un lóògùn oorun."

Ọkọ mi, tí Ẹ̀gbọ́n tọ́ dàgbà, fara mọ́ ọn. Èmi tí mo kàwé jù wọ́n lọ, wọn ò bi mí.

Dókítà gbà, ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ pé inú òfìfo ni oògùn oorun ń fẹ́. Ilẹ̀ mọ́, Ẹ̀gbọ́n gbé ògì gbígbóná wọlé lábẹ́ ìborùn.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní n ò gbọdọ̀ jẹun o."

"Ta ló ń fi ebi lọ síbi ìkúnlẹ̀? Àwọn aláṣọ funfun wọ̀nyẹn mọ̀wé, wọn ò mọ ìbímọ. Mu ún, ìyàwó. Àbí kí n kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ ni?"

Ìyàwó wo ló máa kọ̀? Nígbà tí oorun gbé mi lọ, ògì náà gòkè, ó sì ya sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ìkánjú ni wọ́n fi ti ọ̀pá ìmí bọ̀ mí lọ́fun. Ọmọ yè. Èmi wúkọ́ títí, ohùn mi sì ha títí dòní. Ní ọjà Sandaga, níbi tó ti ń ta àlùbọ́sà, Ẹ̀gbọ́n ń kéde pé oògùn dókítà ló ba ìyàwó àwọn jẹ́. Kò mẹ́nu ba ògì rí. Kó mẹ́nu bà á lẹ́ẹ̀kan péré ni mo ń retí láti ìgbà yẹn.

Lóṣù tó kọjá, ó ṣubú, egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́. Èmi ni wọ́n ní kí n dúró tì í lọ́sibítù, nítorí Faransé mi dá ṣáká. Dókítà ní abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ló sàn fún arúgbó, ṣùgbọ́n kó má jẹun, torí wọ́n tún lè nílò oògùn oorun. Mo túmọ̀ rẹ̀, mo sì fi tèmi kún un: "Ẹ̀yìn tó ti pọnmọ tán ni, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gún un."

Kò rẹ́rìn-ín. Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, ọmọ rẹ̀ obìnrin yọ́ wọlé pẹ̀lú fúláàsì ògì. Ẹ̀gbọ́n di ọwọ́ mi mú gírígírí.

"Ìyàwó, gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, dà á nù. Ògì ló gba ohùn lọ́fun rẹ. Èmi ni mo sì gbé e wá."